Oats ti gbówó lórí: Bẹ́ ẹ ṣe lè fi èso àsìkò sè é kó dùn, láìsí ṣúgà

Láyé ìgbà kan, àwọn àgbàlagbà tí dókítà ti kìlọ̀ fún nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ìtọ̀ ṣúgà la mọ oats mọ́. Ọ̀rọ̀ ti yí padà báyìí. L'Ágọ̀ọ́-Ìwòyè, níbi tí Fásítì Ọlábísí Ọnàbánjọ wà, ọ̀rá oats ti ń bá gaàrí du àyè nínú yàrá àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ oṣù n'Ìjẹ̀bú-Igbó náà ń mu ún kí wọ́n tó jáde láàárọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀nà kan náà lọ̀pọ̀ ń gbà ṣe é: omi gbígbóná, mílíìkì, ṣúgà ṣíbí mẹ́rin, ó parí. Tó bá fi máa di ọjọ́ kẹta, ó ti sú wọn.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ owó. Oats kì í ṣe ohun tí wọ́n ń gbìn nílẹ̀ Yorùbá. Ilẹ̀ tó tutù ló fẹ́, Rọ́ṣíà àti Kánádà sì wà lára àwọn tó ń gbìn ín jù lágbàáyé. Owó ilẹ̀ òkèèrè ni wọ́n fi ń rà á wọlé, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé bí dọ́là bá ti gbéra, oats náà á gbéra tẹ̀lé e. Látìgbà tí ìjọba ti fi náírà sílẹ̀ fún ọjà láti dá iye lé e lóṣù Kẹfà ọdún 2023, ẹni tó bá ń ra oats mọ ohun tójú òun ti rí. Àmọ́ mángòrò tó ń jábọ́ lẹ́yìnkùlé ò mọ nǹkan tó ń jẹ́ dọ́là. Ohun tó yẹ ká ṣe ò wá le: ká dín oats inú abọ́ kù, ká fi èso àsìkò dí àyè rẹ̀, ká sì jẹ́ kí èso yẹn náà ṣe iṣẹ́ ṣúgà.

Kí tiẹ̀ ni oats ní táwọn dókítà fi ń yìn ín? Èròjà kan wà nínú rẹ̀ tó ń jẹ́ beta-glucan. Òun ló ń jẹ́ kó máa ki, kó sì máa yọ̀ tó bá jiná. Yíyọ̀ yẹn ló ń ṣiṣẹ́ nínú ìfun: ó ń dín kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù kù, ó sì ń jẹ́ kí ṣúgà inú oúnjẹ rọra wọ inú ẹ̀jẹ̀. Lọ́dún 1997, àjọ FDA tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn l'Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i pé káwọn tó ń ta oats máa kọ ọ́ sára páálí pé ó lè dín ewu àrùn ọkàn kù, téèyàn bá ń rí gíráàmù 3 èròjà yìí jẹ lójúmọ́, tí kò sì jẹ ọ̀rá jù.

Ṣúgà ló ń ba iṣẹ́ yẹn jẹ́. Lọ́dún 2015, àjọ ìlera àgbáyé, WHO, sọ pé yóò dáa bí ṣúgà tí àgbàlagbà ń fi sí oúnjẹ àti ohun mímu ò bá ju nǹkan bíi gíráàmù 25 lọ lójúmọ́, ìyẹn bíi ṣíbí tíì mẹ́fà. Ẹni tó bu ṣíbí mẹ́rin sínú oats láàárọ̀ ti lo ìdá méjì nínú mẹ́ta rẹ̀ kó tó ra mínírà ọ̀sán.

Bẹ́ ẹ ṣe máa sè é rèé. Ẹ bu oats ṣíbí ìjẹun mẹ́rin tó kún, ìyẹn bíi gíráàmù 40, sínú omi kọ́ọ̀pù kan. Ẹ fi iyọ̀ bín-ín-tín sí i, ẹ gbé e sórí iná kékeré fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kẹ́ ẹ sì máa rò ó. Oats tí wọ́n kàn tẹ̀ pẹlẹbẹ ni mò ń sọ o, kì í ṣe èyí tí wọ́n ti po ṣúgà mọ́ látilé iṣẹ́. Ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ẹ jẹ́ kó fẹ́ díẹ̀, kẹ́ ẹ wá fi èso sí i. Èso yẹn gbọ́dọ̀ pọ̀ tó oats inú abọ́, ó kéré tán.

Láti oṣù Kejìlá dé oṣù Kẹrin, àgbálùmọ̀ ló lòde. Ẹ yọ kóró rẹ̀, ẹ gé e wẹ́wẹ́. Nítorí pé ó máa ń kan, ẹ kọ́kọ́ tẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ kan tó pọ́n dáadáa mọ́ oats náà. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ á mú adùn wá, àgbálùmọ̀ á máa ta yín lẹ́nu díẹ̀díẹ̀.

Láti oṣù Kẹta dé oṣù Kẹfà, ó di ti mángòrò. Ẹ fún ìdajì rẹ̀ sínú ìkòkò, kẹ́ ẹ gé ìdajì tó kù lé e lórí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Ogun Waterside, láti Àbígí dé Ìwópin lẹ́bàá omi, ẹ rin àgbọn, ẹ sẹ́ wàrà rẹ̀, ẹ fi rọ́pò mílíìkì inú agolo. Ọ̀rá wà nínú ẹ̀ gan-an ṣá, ẹni tí wọ́n ní kó ṣọ́ kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù, kó fi mọ ní díẹ̀.

Tí òjò bá ti ń rọ̀ dáadáa, ẹ wá píà. Ẹ tẹ ìdajì rẹ̀ mọ́ oats, á ki bí ẹni pé mílíìkì wà níbẹ̀. Ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ díẹ̀ sí i, kẹ́ ẹ fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ dùn ún. Ọsàn àti gúáfà dáa púpọ̀ níbí, nítorí fítámì C inú wọn máa ń ran ara lọ́wọ́ láti gba èròjà irin tó wà nínú oats.

Ọ̀pẹ òyìnbó àti ìbẹ́pẹ kì í sábà wọ́n lọ́jà, àmọ́ ọgbọ́n wà ńbẹ̀. Tí ẹ bá pò wọ́n ní tútù mọ́ mílíìkì tẹ́ ẹ sì fi sílẹ̀, á korò. Èròjà kan nínú wọn ló ń fọ́ mílíìkì sí wẹ́wẹ́, iná ló sì ń pa á. Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ se ọ̀pẹ òyìnbó pẹ̀lú atalẹ̀ díẹ̀ títí á fi hó dáadáa, kí oats tó wọ ìkòkò. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ẹ ní tútù, ẹ má fi mílíìkì sí i rárá.

Ẹ ti rí oats àsùnjí lórí TikTok, àbí? Ẹni tó ní fíríìjì tí iná sì ń wà nínú ilé rẹ̀ ló wà fún. Tí iná bá lè lọ lóru, ẹ má rẹ oats sínú mílíìkì di ọjọ́ kejì. Ẹ rẹ ẹ́ sínú omi tó mọ́ láàárọ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, á ti rọ̀.

Ẹ tún ṣọ́ra fún èso tí wọ́n fi kábáìdì, èyí táwọn wẹ́dà ń lò, mú pọ́n. NAFDAC ti kìlọ̀ lemọ́lemọ́ nípa rẹ̀, torí májèlé bí arsenic lè wà nínú rẹ̀. Tí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá pupa rẹ́súrẹ́sú lára tí ìdí rẹ̀ ṣì tutù yọ̀yọ̀, tàbí tí mángòrò bá pọ́n lára tó le nínú, ẹ fura. Ẹ fọ èso kẹ́ ẹ tó gé e, kẹ́ ẹ sì yé ra èyí tí wọ́n ti gé sílẹ̀ fún eṣinṣin lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Ẹni tó bá sì ní ìtọ̀ ṣúgà, kó bi dókítà rẹ̀ bí èso ṣe yẹ kó pọ̀ tó, torí ṣúgà wà nínú èso náà.

Bí owó oats ò bá wá sí rárá ńkọ́? Ògì bàbà wà. Mángòrò tàbí ọ̀gẹ̀dẹ̀ yìí kan náà á dùn mọ́ ọn. Tẹ́ ẹ bá dé ọjà, ẹ kọ́kọ́ wo èso tó pọ̀ jù lórí àtẹ kẹ́ ẹ tó wo ibi oats. Èyí tó bá pọ̀ jù ni àsìkò rẹ̀ dé, òun náà ló sábà máa ń dínwó jù.