Bátìrì Kejì Inú Ọkọ̀ Ìsinmi Wa

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì tí a dé àríwá Scotland, mo ṣí fíríìjì inú ọkọ̀ wa, ooru ló fi pàdé mi. Àyà mi já. Ínsúlìn ìyàwó mi tí a kò tíì lò wà níbẹ̀, ìwọ̀n 2 sí 8 Celsius ló sì yẹ kó wà. Ilé oògùn ni a sáré gbà.

Bọ́ọ̀sì tí a sọ di ilé kékeré ni ọkọ̀ náà. Bátìrì kan ń ṣáná sí i, èkejì ń gbé fíríìjì. Mo rò pé bí mo bá ti ń wakọ̀, èkejì náà ń gba iná. Àṣìṣe gbáà ni! Alternator ọ̀pọ̀ ọkọ̀ Euro 6 máa ń dín agbára iná kù kí epo má baà tètè tán. Rílè lásán kò sì lè gbé e sókè.

Ẹni tó ta rílè náà fún mi ní kí n ra bátìrì tó tóbi sí i. Mo kọ̀. Ta ní ń ra àmù kejì nígbà tí kò rí omi pọn?

Ṣájà DC-DC ámípíà 30 ni mo yàn. Òun máa ń gbé agbára iná náà sókè dé ibi tó yẹ. Bí a bá rin wákàtí mẹ́ta, ohun tí fíríìjì jẹ lóòjọ́ ti padà. Páànẹ́lì sólà wà fún ọjọ́ tí a kò bá rìn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé oòrùn ibẹ̀ kì í ṣe ti Ìbàdàn. Lithium wù mí, ṣùgbọ́n kò yẹ kó gba iná nígbà tí ara rẹ̀ bá tutù kọjá òdo, ìgbà òtútù ni a sì sábà ń jáde. Bátìrì olójé, irú AGM, ni mo rà. N kì í jẹ́ kó lọ sílẹ̀ kọjá ìdajì.

Lóṣù tó kọjá a padà síbẹ̀. Ìyàwó mi ló kọ́kọ́ ṣí fíríìjì. Ó ní kí n wá wo ìwọ̀n rẹ̀: 4.