Àgbàlá tó ń mu omi

Ní Ọ̀fà níbí, tówó bá ti dé ọwọ́ onílé, kọnkéré ló máa kọ́kọ́ dà sí àgbàlá. Ẹrẹ̀ tán, ojú ilé mọ́. Àmọ́, ẹ̀yin tèmi, ibo lòjò ń gbà lọ?

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Àgbàlá tó fẹ̀ ní mítà 10, tó gùn ní mítà 10, tí òjò mìlímítà 50 rọ̀ sí: lítà 5,000 nìyẹn. Kọnkéré ò mu ún. Ìdí ògiri aládùúgbò ló ń lọ.

Geology ni mò ń kà, kànga ló ń ká mi lára jù. Àpáta líle ló wà lábẹ́ ìlú wa. Ilẹ̀ tó jẹrà lórí ẹ̀ ló ń gba omi dúró. Òjò tí kò bá rì wọlẹ̀ kò lè di omi kànga lẹ́ẹ̀rùn.

Ọgbọ́n kan ni resin bound. Wọ́n á po òkúta wẹ́wẹ́ gbígbẹ mọ́ resin, ìyẹn àtè oníkẹ́míkà, wọ́n á tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ. Òkúta á lẹ̀ mọ́ra, àlàfo àárín wọn ò ní dí. Ibẹ̀ lomi ń gbà. Òkúta fífọ́ ni kó wà lábẹ́ ẹ̀ o. Tó bá jẹ́ kọnkéré tó dí pa ni, ẹ fowó ṣòfò.

Ní England, láti October 2008, ẹni tó bá fẹ́ da kọnkéré síwájú ilé ju mítà 5 onígun mẹ́rin lọ, láìlànà fómi wọlẹ̀, gbọ́dọ̀ gbàṣẹ.

Resin wọ́n. Ẹni tí kò bá lágbára ẹ̀ lè to interlock, kó fi òkúta kéékèèké sí àárín wọn dípò sìmẹ́ǹtì. Ọmọ ìjàkadì ni wá lóòótọ́, àmọ́ a kì í bá omi jìjàkadì. Ọ̀nà là ń là fún un.