Ṣé O Mọ̀? Ọ̀bẹ Tó Ń Ṣiṣẹ́ àti Ọ̀bẹ Tó Ń Jayé

Ṣé o mọ̀ pé ọ̀bẹ tí owó rẹ̀ kéré jù ló sábà máa ń ṣiṣẹ́ jù, nígbà tí idà tó níyì jù láàfin kò gé iṣu rí? Súnmọ́ ibí. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń kó irú nǹkan báyìí jọ, n kò sì fẹ́ dá a jẹ.

Ẹlẹ́yẹlé ní Ìbàdàn ni ká ti bẹ̀rẹ̀, níbi tí wọ́n ti sé odò Ọ̀nà lọ́dún 1942 kí ìlú lè rí omi ẹ̀rọ mu. Ẹja sọ ibẹ̀ dilé, apẹja tẹ̀ lé ẹja, ọ̀bẹ sì tẹ̀ lé apẹja. Wo ìyá tó ń tún ẹja ẹ̀pìyà ṣe: ẹ̀yìn ọ̀bẹ ló fi ń ha ìpẹ́, láti ìdí ìrù lọ síhà orí, àfi tó bá kan ikùn ló tó lo ẹnu rẹ̀. Ọ̀bẹ kan, iṣẹ́ méjì! Wọ́n sì lè fi rọ́bà táyà kẹ̀kẹ́ wé èkù rẹ̀, kó má baà yọ̀ bọ́ lọ́wọ́ tó tutù.

Àlùbọ́sà ń pa ọ́ lẹ́kún? Má bá àlùbọ́sà jà, ọ̀bẹ rẹ ló kú. Èyí tó mú ń là á kọjá wẹ́rẹ́ ni, èyí tó kú ń tẹ̀ ẹ́ fọ́, ohun tó ń ta ojú á sì tú jáde. Ọ̀bẹ tó kú yìí kan náà ló yẹ kó o bẹ̀rù ju èyí tó mú lọ, torí agbára lo máa fi tì í, tó bá sì yẹ̀, ìka rẹ ló máa bá.

Ta ló tiẹ̀ sọ pé dandan ni kí ọ̀bẹ jẹ́ irin? Lọ́dún 1965, Ọ̀jọ̀gbọ́n Thurstan Shaw ti Yunifásítì Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ sí í walẹ̀ ní Ihò Eléérú, lápá Àkúrẹ́. Ó bá egungun èèyàn tó ti lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá ọdún, àti òkúta tínńtínní tí wọ́n là kó lè mú. Àwọn kan lára wọn kò ju èékánná lọ.

Ìyẹn kò tíì dàgbà o. Ní Lomekwi, ní Kẹ́ńyà, wọ́n rí òkúta tí wọ́n là fún gígé nǹkan, ó ti tó mílíọ̀nù 3.3 ọdún. Irú èèyàn bíi tiwa kò tíì délé ayé nígbà náà!

Gbọ́ èyí: irin tó já láti ojú ọ̀run ni ọ̀bẹ ọba Tutankhamun ti Íjíbítì. Ara òkú ọba náà ni awalẹ̀pìtàn Howard Carter ti bá a lọ́dún 1925, nínú aṣọ tí wọ́n fi dì í. Lọ́dún 2016 ni àyẹ̀wò wá fi hàn gbangba pé ara òkúta tó ń já bọ́ láti òfurufú ni irin náà ti wá. Ọdún rẹ̀ ti lé ní 3,300, ìpẹtà kò sì tíì rí i jẹ tán.

Tiwa náà kò kéré. Lọ́dún 1904 ni òyìnbó kan tó ń jẹ́ Bellamy kọ̀wé nípa abúlé Ola Igbi nítòsí Ọ̀yọ́, níbi tí wọ́n ti ń yọ́ irin láti inú òkúta. Èèyàn bí ọgọ́rùn-ún sí ọgọ́fà ló wà lábúlé náà, iṣẹ́ irin yìí sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kan gbogbo wọn!

Lónìí ńkọ́? Sípíríǹgì ọkọ̀ tó ti kú ni ọ̀pọ̀ alágbẹ̀dẹ fi ń rọ àdá àti ọ̀bẹ. Ìwọ wò ó: irin tó gbé ọmọ ènìyàn kiri fún ogún ọdún ló wá ń bẹ iṣu ní ilé ìdáná. Ẹwìrì á fẹ́ná títí irin á fi pọ́n, owú á lù ú, wọ́n á sì rì í sínú omi tàbí epo kó lè le. Ṣùgbọ́n má tíì pàtẹ́wọ́: tó bá le jù, bó bá já bọ́ sílẹ̀, ó lè ṣẹ́! Nítorí náà ni alágbẹ̀dẹ tó mọṣẹ́ fi máa tún yá a díẹ̀ nínú iná, kó dín díẹ̀ kù nínú líle rẹ̀, kó má baà ṣẹ́.

Idà kan wà tó máa ń wọ aṣọ ìlẹ̀kẹ̀! Ọ̀pá Òrìṣà Oko ni. Irin gbọọrọ ni, ìrísí idà ló ní, àwọn alágbẹ̀dẹ Ìràwọ̀, lápá Ṣakí, ló sì ń rọ ọ́.

Ti Ọ̀wọ̀ tún ga ju ìyẹn lọ. Wọ́n ní idà oyè tí wọ́n ń pè ní udamalore, èyí tí wọ́n fi eyín erin gbẹ́ látòkè délẹ̀ sì wà ní British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù. Ta ló fẹ́ fi eyín erin gé kí ni?

Ní Ìbíní, ijó ni wọ́n ń fi idà eben jó níwájú Ọba. Ìjòyè á máa fì í, á jù ú sókè, á hán an. Kò gbọdọ̀ bọ́ o!

Ti Ọ̀yọ́ sì nìyí, èmi fẹ́ràn rẹ̀ ju gbogbo wọn lọ: òpìtàn Samuel Johnson kọ ọ́ pé idà ńlá kan wà tó ti Ilé-Ifẹ̀ wá, tí wọ́n máa ń fi lé Aláàfin tuntun lọ́wọ́. Tí kò bá tíì gbà á, kò láṣẹ láti ní kí wọ́n pa ẹnikẹ́ni. Àṣẹ ni wọ́n rọ yẹn, wọn kò rọ ohun èlò.

Ní kóòtù Nàìjíríà, irin ni ẹlẹ́sìn Ògún lè fi búra dípò Bíbélì tàbí Kùránì. Irin lásán ti tó.

Ṣé o mọ̀ pé ọ̀bẹ dókítà ní UCH, ilé ìwòsàn ńlá Ìbàdàn, kò ní orúkọ, nọ́ńbà ló ní? 11 ṣóńṣó lẹ́nu, 15 kéré fún iṣẹ́ wẹ́wẹ́. Ó ṣe tán lára aláìsàn kan, ó parí nìyẹn, wọ́n sọ ọ́ nù. Ọ̀bẹ alápatà Bódìjà ńkọ́? Òkúta ìpọ́nbẹ á máa jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ títí á fi tín-ín-rín bí abẹ́rẹ́, olówó rẹ̀ kò sì ní fẹ́ jù ú nù.

Àdá tí wọ́n tẹ ọ̀nì mọ́ lára, tí àwọn bàbá wa fi ṣán oko kòkó, ta ló ṣe é? Ralph Martindale ní Birmingham ni, ìlú tí ọ̀nì kò gbé odò rẹ̀ rí!

Irin tí kì í dípẹtà, ibi tí wọ́n ti ń wá irin ìbọn ni wọ́n ti rí i. Lọ́dún 1913, ní Sheffield, Harry Brearley ń wá irin ìbọn tí kò ní tètè jẹ, èyí ló bọ́ sí i lọ́wọ́. Àwọn oníṣẹ́ ọ̀bẹ ìlú náà fi í ṣẹ̀sín pé ọ̀bẹ tí kò lè gé nǹkan ló ṣe. Lọ ṣí dúróà rẹ wò ná, mélòó ló kù níbẹ̀ tó ń dípẹtà?

Àwọn àgbà ní idà ń wó ilé ara rẹ̀, ó ní òun ń ba àkọ̀ jẹ́. Ẹni tó ń kó ọ̀bẹ jọ mọ òdìkejì rẹ̀: àkọ̀ awọ tó lẹ́wà yẹn máa ń fa ọ̀rinrin mọ́ra, òun ló sì ń ba idà jẹ́. Yọ ọ̀bẹ kúrò nínú àkọ̀, fi epo ẹ̀rọ díẹ̀ pa á lára, kó o tó gbé e pa mọ́.

Bí ọ̀bẹ ṣe mú tó, kì í gbẹ́ èkù ara rẹ̀, àmọ́ ọ̀bẹ àpò ń sùn nínú èkù ara rẹ̀! Joseph Opinel ti ilẹ̀ Faransé bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ lọ́dún 1890, igi ni èkù rẹ̀. Lọ́dún 1955, wọ́n fi òrùka irin sí i kó má baà pa dé mọ́ni lọ́wọ́. Òrùka yìí gan-an ló ń dá wàhálà sílẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì: ọ̀bẹ àpò tí ẹnu rẹ̀ kò ju íńṣì mẹ́ta lọ, tí kò sì ní ìkọ́, èèyàn lè mú un rìn nígboro, ṣùgbọ́n èyí tó bá ní ìkọ́, o gbọ́dọ̀ ní ìdí gúnmọ́. Sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ tó wà ní Peckham, ní Lọ́ńdọ̀nù!

Ní ilẹ̀ náà kan náà, wọ́n fi nǹkan bí 100,000 ọ̀bẹ tí aráàlú àti ọlọ́pàá kó sílẹ̀ kọ́ áńgẹ́lì kan tó ga tó ẹsẹ̀ bàtà 27. Ìyẹ́ rẹ̀, ẹnu ọ̀bẹ ni.

Ọ̀bẹ àpò àwọn ọmọ ogun Switzerland tí gbogbo ayé mọ̀ ńkọ́? Lọ́dún 1891, Jámánì ni wọ́n ti ṣe àwọn àkọ́kọ́! Karl Elsener ló gbé iṣẹ́ náà wálé, nígbà tí Victoria ìyá rẹ̀ sì kú lọ́dún 1909, ó fi orúkọ ìyá rẹ̀ sọ ọjà rẹ̀.

Wenger, ilé iṣẹ́ Switzerland mìíràn, ṣe ọ̀kan tó ní irinṣẹ́ 87, tó ń ṣe iṣẹ́ 141. Ó wúwo ju kílógíráàmù kan lọ. Àpò wo ló máa gbà á?

Ti kékeré ló ṣiṣẹ́ o. Ní November 1995, arìnrìn-àjò òfurufú Chris Hadfield àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dé Mir, ilé àwọn ará Rọ́ṣíà lójú òfurufú, wọ́n bá ilẹ̀kùn tí wọ́n ti fi okùn àti téèpù dì pinpin. Kí ni Hadfield fi já a? Ọ̀bẹ àpò rẹ̀ ni!