Ẹ̀jẹ̀ Lẹ́nu Aboyún

  Aboyún ló ni ọ̀rọ̀ tòní, ṣùgbọ́n kí ọkọ àti ìyá ọkọ má dìde lọ o.

Aboyún ń run orín láàárọ̀, ó tutọ́, ó rí ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀rù bà á, ó ju orín nù. Àwọn àgbà á ní, "Fi í sílẹ̀, oyún ló ń ṣe é." Oyún wà nínú ẹ̀ lóòótọ́, torí ó máa ń jẹ́ kí èrìgì tètè wú. Ṣùgbọ́n ìdọ̀tí tó lẹ̀ mọ́ ìdí eyín ló ń bá èrìgì yẹn jà. Tó bá ṣíwọ́ orín, ìdọ̀tí á pọ̀ sí i, ẹ̀jẹ̀ náà á pọ̀ sí i. Kó máa fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́, pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì tó rọ̀ àti ọṣẹ ìfọyín. Ẹni tó ń lo orín ata, kó run ún títí ẹnu rẹ̀ á fi rọ̀, kó wá rọra fọ ìdí eyín. Tó bá sì bì, kó fi omi ṣan ẹnu, kó dúró bí ààbọ̀ wákàtí kó tó fọ eyín, torí omi kíkan inú máa ń rọ ojú eyín.

Wọ́n tún ní ọmọ kọ̀ọ̀kan ń gba eyín kan lẹ́nu ìyá. Irọ́ ni.

Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù wà lórí àtẹ. Eyín dun aboyún lóru, ilẹ̀ mọ́, ó ra tétracycline, kóró oògùn pupa àti yẹ́lò yẹn. Láti bí oṣù kẹrin, eyín ọmọ ti ń le nínú èrìgì rẹ̀, oògùn yìí á sì wọ inú rẹ̀. Ọmọ á hu eyín tó pọ́n tàbí tó rí bí eérú, kò sì sí orín tó lè fọ̀ ọ́ kúrò. Lọ́dún 2017, ìjọba kó oògùn ọjà ní tọ́ọ̀nù-tọ́ọ̀nù ní Adjégounlè, ní Kútọnu. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé kò tán nílẹ̀.

Ẹ sọ fún agbẹ̀bí lọ́jọ́ àyẹ̀wò oyún. Wọ́n lè yọ eyín fún aboyún, wọ́n lè fún un ní abẹ́rẹ́ tí kò ní jẹ́ kó dùn ún. Oṣù kẹrin sí ìkẹfà ló rọrùn jù. Ẹ̀yin ọkọ, owó zémijàn dọwọ́ yín. Tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ bá wú, tí ara gbóná, ọjọ́ yẹn gan-an ni kẹ́ ẹ gbé e lọ, ẹ má dúró de ọjọ́ ọjà.