Kọ̀ǹpútà Géèmù Inú Pálọ̀: Kékeré Rẹ̀ Kò Ní Kó Má Jẹ Iná

Abẹ́rẹ́ kéré lóòótọ́, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni kọ̀ǹpútà géèmù tí a ń so mọ́ tẹlifíṣọ̀n inú pálọ̀. Steam Machine tí ilé-iṣẹ́ Valve ní Amẹ́ríkà kéde lóṣù kọkànlá, ọdún 2025, kò ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 16 lọ ní ìhà kọ̀ọ̀kan. Àwọn ọ̀dọ́ lè fi í ta géèmù, akẹ́kọ̀ọ́ sì lè fi tẹ iṣẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ̀yin òbí tó wà ní Ìlárá-Mọ̀kín, ẹ jẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ ronú nípa iná. PlayStation 5, tí òun náà jẹ́ irú ẹ̀rọ yìí, máa ń jẹ nǹkan bíi wáàtì 200 bí géèmù ńlá bá ń lọ lórí rẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tó ní wáàtì 650 lè gbé e pẹ̀lú tẹlifíṣọ̀n àti fáànù kan. Bí ẹ bá fi fìríìjì kún un, ó lè dá ọwọ́ dúró.

Gbogbo iná tí ẹ̀rọ náà ń jẹ ló ń di ooru nínú àpótí kóńkóló yẹn. Fáànù inú rẹ̀ ló ń lé ooru ọ̀hún jáde. Lásìkò ọyẹ́, eruku máa ń dí ihò atẹ́gùn rẹ̀, ẹ̀rọ náà yóò sì gbóná kọjá bó ṣe yẹ. Nítorí náà, ẹ má ṣe tì í mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù, ẹ máa nu ihò rẹ̀ déédéé, kí ẹ sì béèrè iye wáàtì rẹ̀ kí ẹ tó sanwó.