Lórí Àtẹ̀gùn ní São Paulo

Ẹni tí ó bá gba iwájú Mọ́sálásí Ńlá Àjàṣẹ́ kọjá yóò rí i pé ó jọ ṣọ́ọ̀ṣì Bàhíà. Àwọn Àgùdà tí ó ti oko ẹrú Bràsíìlì padà bọ̀ ni ó gbé iṣẹ́ ọ̀nà yẹn wálé. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ènìyàn wa ni ó padà. Àwọn tí ó kù lọ́hùn-ún dá ilé òrìṣà sílẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ń pe ara wọn ní Kétu títí di òní.

Òfin dá ẹrú sílẹ̀ ní Bràsíìlì ní ọdún 1888, síbẹ̀ ọlọ́pàá kò dá wọn sílẹ̀. Títí di ọdún 1976, ilé òrìṣà ní Bàhíà ní láti gba ìwé àṣẹ lọ́dọ̀ ọlọ́pàá kí ó tó ṣe ọdún. Àwọn ọmọ Kétu ń tọrọ ààyè lọ́wọ́ ọlọ́pàá kí wọ́n tó kí òrìṣà àwọn baba wọn!

Ní ọdún 1978, ní São Paulo, wọ́n fi ẹ̀sùn olè èso kan ọ̀dọ́mọkùnrin adúláwọ̀ kan. Ìyà tí ọlọ́pàá fi jẹ ẹ́ ni ó pa á. Ní àkókò kan náà, ẹgbẹ́ eré ìdárayá kan kọ ọ̀dọ́ mẹ́rin nítorí àwọ̀ wọn. Ìjọba ológun ni ó wà lórí oyè. Síbẹ̀, ní ọjọ́ 7 oṣù Keje, èrò péjọ sórí àtẹ̀gùn Teatro Municipal, wọ́n sì jọ ka lẹ́tà kan sókè ní ohùn kan. Lélia Gonzalez wà níbẹ̀, àti Abdias do Nascimento, tí kò tíì pẹ́ tí ó kọ́ni ní Yunifásítì Ifẹ̀. Báyìí ni ẹgbẹ́ tí a wá mọ̀ sí Movimento Negro Unificado ṣe dìde.

Igbe wọn kò já sí asán. Òfin-ìpìlẹ̀ ọdún 1988 sọ ìwà ẹlẹ́yàmẹ̀yà di ọ̀ràn tí kò gba onídùúró. Ọjọ́ 20 oṣù Kọkànlá, ọjọ́ tí wọ́n pa Zumbi akọni Palmares ní ọdún 1695, ti di ọjọ́ ìsinmi fún gbogbo Bràsíìlì. Ṣùgbọ́n ní alẹ́ tí ó ṣáájú ọjọ́ náà ní ọdún 2020, àwọn ẹ̀ṣọ́ ilé ìtajà kan ní Porto Alegre lu adúláwọ̀ kan pa. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ìwọ́de gba ìlú púpọ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Kétu, Ṣábẹ̀ẹ́ àti Àjàṣẹ́, ohun tí ó bá ojú ni ó bá imú. Láti èbúté Ouidah àti Àjàṣẹ́ ni a ti kó àwọn baba wọn lọ, ọwọ́ àwọn ọba ilẹ̀ wa sì wà nínú òwò náà. Ẹni tí wọ́n ti ta ènìyàn ní èbúté rẹ̀ kò lè sọ pé ọ̀rọ̀ yìí jìnnà sí òun.