Iwin Wo Ló Wà Nínú Bátìrì Fóònù Yín?

Ẹ wo fóònù tí ẹ fi ń gbọ́ mi yìí. Nínú bátìrì ọ̀pọ̀ fóònù, irin kan wà tó ń jẹ́ cobalt. Orúkọ iwin ni orúkọ yẹn.

Ní ilẹ̀ Jámánì, Kobold ni wọ́n ń pe iwin kan tí wọ́n gbà pé ó máa ń gbé inú ilé àti inú ihò ìwakùsà. Ní orí òkè Erzgebirge, ní agbègbè Saxony, fàdákà ni àwọn awakùsà ń wá. Nígbà míì, wọ́n á rí òkúta tó jọ èyí tí fàdákà wà nínú rẹ̀. Wọ́n á kó o sínú iná kó lè yọ́. Fàdákà ò ní jáde. Èéfín ló máa jáde, ẹni tó bá sì fà á símú á dùbúlẹ̀ àìsàn.

Ta ló fà á? Wọ́n ní Kobold ni, pé ó jí fàdákà lọ, ó sì fi òkúta burúkú rọ́pò rẹ̀. Bí òkúta ṣe gba orúkọ iwin nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ arsenic ló wà nínú rẹ̀. Májèlé ni, tí iná bá sì ti kàn án, á bá èéfín jáde.

Ní nǹkan bí ọdún 1735, Georg Brandt, onímọ̀ kẹ́mísírì ará Sweden, fi hàn pé irin tuntun kan wà nínú òkúta náà, àti pé irin yìí ló ń fún gíláàsì ní àwọ̀ búlúù. Ó fi orúkọ iwin náà sílẹ̀ fún un.

Mi ò fi àwọn awakùsà yẹn ṣe yẹ̀yẹ́ o. Ní àdúgbò tí mo ti dàgbà, ìdílé kan gbé jẹnẹrétọ̀ sí kọ̀rídọ̀ torí olè, wọ́n tilẹ̀kùn, wọ́n sùn. Ilẹ̀ mọ́, wọn ò jí. Ohun tí mo gbọ́ lẹ́nu àwọn àgbà ni pé ayé ló ṣe wọ́n. Èéfín ni. Carbon monoxide tó wà nínú rẹ̀ kò lóòórùn, ojú ò sì lè rí i. Níbi tí a ti ń wá ẹni tó ṣe é, kò sẹ́ni tó sọ fún ará ilé kejì pé kó gbé tiẹ̀ síta.

Tí wọ́n bá mú iná lọ lálẹ́ òní, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé jẹnẹrétọ̀ yín jìnnà sí fèrèsé àti ilẹ̀kùn. Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.